Bí Ajá Aládùúgbò Kò Bá Jẹ́ Kí Ayálégbé Sùn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ti ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ Hájì. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín kí ó ní, “Kí ló kan akọ̀wé mọ́sálásí nínú ọ̀rọ̀ ajá?” Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí ajá aládùúgbò ti gbó mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ kò ní bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Lóde òní, ní ìlú ńlá bí Èkó, kì í ṣe ará ilé nìkan ni òwe yìí ń bá wí mọ́. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ilé tèmi àti ilé tìrẹ. Ohun tí ó bá ń ké lọ́dọ̀ rẹ, inú etí mi ni ó ti ń ké. Ibi tí òwe náà ti le jù ni ibi tí ó ti ní “bí a kò bá sọ fún un.” Sísọ ni iṣẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní di ìjà? Ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀ràn yìí ni mo fẹ́ fi tó yín létí, bóyá yóò wúlò fún ẹnì kan.

Ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí wa ní Agége. Bàbá kan tí ó ti di olóògbé ni ó fi í tọrẹ nítorí Ọlọ́hun. Yàrá mẹ́jọ ni, mẹ́rin dojú kọ mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà láàárín. Bàbá náà fi sílẹ̀ pé owó tí ó bá ń wọlé láti ibẹ̀, kí a máa fi tọ́jú àwọn olùkọ́ ilé kéú, kí ọmọ aláìní lè máa kẹ́kọ̀ọ́ láìsan kọ́bọ̀. Èmi ni ìjọ fi ṣe alábòójútó ilé náà. Èmi ni mo ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. Bí òrùlé bá ń jò, èmi ni mo ń pe káfíńtà. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di gbọ́nmi-si-omi-ò-to, ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n ń kàn. Nítorí náà, bí yàrá kan bá ṣófo nínú ilé yẹn, kì í ṣe onílé ọlọ́rọ̀ kan ni ó pàdánù. Ọmọ kéú ni.

Lẹ́yìn ilé yìí ni bàbá àgbàlagbà kan ń gbé, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, ọmọlẹ́yìn Jésù ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Bí a bá kí i, a dáhùn, a sì wọlé. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ni ó kó ajá mẹ́ta dé, ajá òyìnbó ńlá méjì àti ajá ìbílẹ̀ kan. Ó fi ṣéènì so wọ́n mọ́ ẹ̀bá ògiri tí ó pààlà àárín wa. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti di ohun tí àwọn ayálégbé wa ń wá káàkiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí. Bí ẹnì kan bá ń lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lóru, wọn yóò gbó. Bí ọ̀kadà bá kọjá, wọn yóò gbó. Bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀, àwọn méjì yòókù yóò gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyá ìkókó kan ń bẹ ní yàrá kẹta, aránṣọ ni. Ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Bí ó bá ti rọ ọmọ náà lóorun tán, tí ó ní kí òun náà fẹ̀yìn lélẹ̀, ajá yóò gbó, ọmọ yóò ta gìrì, ẹkún yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń bẹ ní yàrá keje tí ó máa ń ṣiṣẹ́ òru. Ọ̀sán ni tirẹ̀ láti sùn, ajá kò sì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Ààfáà, ẹ̀rù ń bà mí. Oògùn ni mo ń fún aláìsàn. Bí oorun bá ń kùn mí lójú, ọwọ́ mi lè ṣì.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára púpọ̀. Láàárín oṣù márùn-ún, ìyá ìkókó náà kó lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì kó tẹ̀ lé e. Yàrá méjì ṣófo. Àwọn tí ó wá wò ó, bí wọ́n bá ti gbọ́ ariwo tí ó wà lẹ́yìn ògiri, wọn a ní àwọn ń bọ̀, a kì í sì í rí wọn mọ́. Nígbà tí oṣù parí, owó tí a ó fún àwọn olùkọ́ kò pé.

Bí ọ̀ràn bá ti rí báyìí, ìmọ̀ràn kì í wọ́n. Ẹnì kan ní kí a pe ọlọ́pàá. Òmíràn ní kí a kó ọ̀dọ́ jọ kí a lọ kan ilẹ̀kùn bàbá náà ní ọ̀gànjọ́, kí òun náà má baà sùn. Òmíràn tún ní, “Kí ni ẹ ń retí lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí?” Ṣùgbọ́n èyí tí ó dẹ́rù bà mí jù lọ ni ti ọmọkùnrin ayálégbé kan tí ó ti ra oògùn eku, tí ó sì ti wá ẹran tí yóò fi wé e. Ìyá ẹ̀gbẹ́ yàrá rẹ̀ ni ó rí i, tí ó sì sáré wá sọ fún mi lẹ́yìn ìrun Ìṣáì.

Mo pè é. N kò pariwo mọ́ ọn. Mo ní, “Ọmọ mi, bí o bá ju ẹran yìí sí ẹ̀yìn ògiri, ta ni ó sọ fún ọ pé ajá ni yóò kọ́kọ́ rí i? Adìyẹ ń jẹ̀ níbẹ̀. Ọmọdé ń wọ ibẹ̀ lọ gbé bọ́ọ̀lù. Bí ajá bá sì jẹ ẹ́, ìwọ ti pa ohun ẹlẹ́mìí tí kò mọ ohun tí ó ṣe, o sì ti ba ohun ìní ẹlòmíràn jẹ́. Bàbá yẹn yóò mọ̀ pé láti ilé mọ́sálásí ni májèlé ti wá. Ní ọjọ́ náà, kì í ṣe orúkọ rẹ ni wọn yóò dá, orúkọ ẹ̀sìn rẹ ni.” Ó dákẹ́. Ó ní, “Ààfáà, mo fẹ́ sùn ni.” Mo ní mo mọ̀. Ó kó oògùn náà fún mi, mo sì gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀, mo rì í mọ́bẹ̀.

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ kí a jọ wo ohun tí ẹ̀sìn wa wí, nítorí púpọ̀ nínú wa rò pé ìkórìíra ajá jẹ́ apá kan ìgbàgbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé hàdíìsì wà tí ó sọ pé láádá ẹni tí ó bá ń sin ajá láìnídìí yóò máa dín lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n hàdíìsì náà yọ ajá ọdẹ, ajá darandaran àti ajá oko sílẹ̀. Òótọ́ ni pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pàṣẹ pé kí a fọ abọ́ tí ajá bá ti ẹnu bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀meje. Lórí èyí, àwọn ọmọlẹ́yìn Ìmáàmù Sháfíì rí ajá gẹ́gẹ́ bí nájísì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà Ìmáàmù Málíkì, tí àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, ara ajá kì í ṣe nájísì. Fífọ abọ́ náà jẹ́ ìgbọràn sí àṣẹ. Àlùkùránì fúnra rẹ̀ sọ nípa ajá tí ó wà pẹ̀lú àwọn ará inú ihò, nínú Súrà Káháfì, tí ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà. Nínú Súrà Máídà ẹsẹ 4, Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún wa láti jẹ ohun tí ajá ọdẹ tí a ti kọ́ bá mú wá. Búkárì àti Músílímù sì gbà á wá pé Ọlọ́hun dárí ji ẹni tí ó bọ́ sínú kànga, tí ó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òùngbẹ fẹ́ pa. Àwọn méjèèjì náà ni ó gbà á wá pé obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tí ó tì mọ́lé tí kò fún ní oúnjẹ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ológbò tí ebi pa bá lè mú ènìyàn wọ iná, kí ni ẹ rò pé ajá tí a fún ní májèlé yóò ṣe?

Ní ti aládùúgbò, Súrà Nísáì ẹsẹ 36 so dídára sí aládùúgbò tí ó sún mọ́ wa àti èyí tí ó jìnnà mọ́ ìjọsìn Ọlọ́hun pọ̀ nínú ẹsẹ kan ṣoṣo. Ìtàn Abdullah ọmọ Amr tún wà, ọ̀kan nínú àwọn Sàábé, tí wọ́n pa àgùntàn nílé rẹ̀, tí ó sì ń bèèrè léraléra bóyá wọ́n ti fún aládùúgbò rẹ̀ tí ó jẹ́ Júù nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ “kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa” kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?

Ó wá ku ohun tí a ó ṣe. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ra ìwé kékeré kan. Fún òru méje, èmi àti nọ́ọ̀sì yẹn, ní ọjọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, ń kọ àkókò tí ajá bá gbó àti ohun tí ó ń lọ nígbà náà sílẹ̀. Bí a ti kà á pọ̀, ó yà wá lẹ́nu. Ariwo náà kò rí bí a ti rò. Ìgbà mẹ́ta ni ó ń le jù: ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, nígbà tí àwọn ọlọ́kadà ń darí wálé, láàárín aago méjì sí mẹ́ta, nígbà tí àwọn ayálégbé ń fi tọ́ọ̀ṣì lọ sẹ́yìn ilé, àti ní àsìkò ìpè Àsùbáà. Mo lọ wo ògiri náà lójú mọmọ. Mo rí i pé búlọ́ọ̀kù mélòó kan ti jábọ́ níbẹ̀, ihò sì wà tí àwọn ajá fi ń wo ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tí ó ń lọ sí ilé ìyàgbẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá dókítà ẹran kan pé kí ó là mí lóye. Ó ṣàlàyé pé ajá kì í gbó lásán. Etí ènìyàn kò lè gbọ́ ohùn tí ó bá ti lọ sókè ju ìwọ̀n 20,000 lọ, ṣùgbọ́n ti ajá ń gbọ́ dé nǹkan bí 45,000. Nítorí náà ohun tí àwa kò gbọ́ rárá lè ta á jí. Ó ní ajá tí a so mọ́ ojú kan tọ̀sán-tòru, tí kò rìn, tí kò ṣeré, inú a máa bí i, a sì máa gbó mọ́ ohun gbogbo. Bí ó bá tún ń rí ènìyàn láti inú ihò tí kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ebi àti òùngbẹ ń fa gbígbó. Bí a bá sì ń pariwo mọ́ ọn láti ẹ̀yìn ògiri, tàbí tí a ń sọ ọ́ ní òkò, a kàn ń kún un lọ́wọ́ ni.

Nígbà tí mo ti mọ èyí tán, mo ní ó tó àkókò láti lọ bá bàbá náà. N kò lọ lóru tí inú ń bí gbogbo ènìyàn. N kò sì kó èrò lẹ́yìn. Ìyá Àdínì wa, àgbà obìnrin tí ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ni mo bẹ̀ pé kí ó bá mi lọ, lẹ́yìn ìrun Àlásàrì ní ọjọ́ Àìkú. Ìyàwó mi ti gbé mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́ sí bàbá náà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ tí a sè nílé ni. Ànábì wa ti gba Abu Dharr nímọ̀ràn pé bí ó bá ń se ọbẹ̀, kí ó bu omi sí i kí ó lè kan aládùúgbò.

Bàbá náà ní kí a jókòó. Ìyá Àdínì kí i kú àṣẹ̀yìndè ìyàwó rẹ̀ tí ó ti ṣaláìsí. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó rí ìyàwó bàbá náà rí ní ọjà. Ojú bàbá náà yí padà. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyàwó òun ti kú, tí àwọn ọmọ sì wà ní ìdálẹ̀, òun nìkan ni ó ń gbé ilé náà. Ó ní àwọn olè wọlé bá òun ní òru ọjọ́ kan, wọ́n so òun mọ́ àga, wọ́n sì kó gbogbo ohun tí òun ní lọ. Ó ní, “Mo pariwo títí, kò sí ẹni tí ó yọjú. Láti ìgbà náà ni mo ti ra ajá. Bí wọn kò bá gbó, n kì í sùn.”

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ yìí o. Ariwo tí kò jẹ́ kí ayálégbé wa sùn, òun gan-an ni ó ń mú bàbá yẹn sùn.

Mo fi ìwé kékeré náà hàn án. Mo ní, “Bàbá, a kò wá láti ní kí ẹ kó ajá lọ. A wá bẹ̀ yín kí a jọ wò ó bí ẹ̀yin yóò ṣe ní ààbò, tí àwa náà yóò sì máa sùn.” Ó fi awò ojú rẹ̀ kà á ní ojú ìwé kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ààfáà, mo gbọ́ tiyín. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ tèmi. Àwọn ọmọ inú ilé yín ń sọ àwọn ajá yìí ní òkò. Sípíkà mọ́sálásí sì kọjú sí fèrèsé mi gan-an. Ní aago márùn-ún, bí ẹ ti ń pèrun ni àwọn ajá ń hu, tí èmi náà sì ń fò dìde.” Ìyá Àdínì ni ó dáhùn. Ó ní, “Bàbá, ẹ tọ̀nà. Àá mú un dé ọ̀dọ̀ Lémọ́ọ̀mù.”

Lémọ́ọ̀mù wa kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Ó ní ìpè ìrun jẹ́ ìpè fún ẹni tí ń bọ̀ wá kírun, sípíkà kò sì ní láti wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Oníná gun òkè, ó yí sípíkà náà sí ọ̀nà ọjà. Àwa pẹ̀lú fi owó mọ́sálásí ra búlọ́ọ̀kù mẹ́sàn-án àti àpò sìmẹ́ǹtì kan, a dí ihò ògiri. A fi gílóòbù kékeré tí ń lo oòrùn sí ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, kí tọ́ọ̀ṣì má baà máa tàn gààràgà kiri. A pe àwọn ọmọ jọ, a kìlọ̀ fún wọn nípa òkò. Bàbá náà kó ilé ajá kúrò lẹ́bàá ògiri wa lọ sí iwájú, lẹ́bàá géètì, níbi tí olè yóò gbà wọlé bí ó bá fẹ́ wá. Ó tú wọn kúrò lórí ṣéènì kí wọ́n máa rìn nínú ọgbà, ó ń fún wọn lóúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń mú àwọn ńlá méjèèjì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru. Dókítà ẹran wá fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní abẹ́rẹ́ ìgbòlugi. Èmi náà fún bàbá ní nọ́ńbà fóònù mi àti ti ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, mo ní bí ó bá gbọ́ ohunkóhun lóru, kí ó pè wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ni ọmọkùnrin tí ó ra oògùn eku.

N kò ní purọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà parí lọ́jọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ariwo náà tún le sí i, nítorí ibùgbé tuntun kò tíì mọ́ àwọn ajá lára. Ó tó oṣù kan kí òru tó rọlẹ̀. Títí di òní, ajá ìbílẹ̀ yẹn kò fẹ́ràn ọkọ̀ tí ń kó ilẹ̀, a ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì wa ń sùn lọ́sàn-án. Yàrá kan ti rí ẹni gbà á, a sì ti san owó àwọn olùkọ́ pé. Ṣùgbọ́n ìyá ìkókó tí ó kó lọ kò padà wá. Ó ti san owó ọdún kan síbòmíràn, ní ibi tí ó jìnnà sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Aládùúgbò tiyín gbọ́ ọ̀rọ̀. Tèmi kò gbọ́ ńkọ́?” Ó dára. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí ẹ sì pa ẹ̀dà kan mọ́. Ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tàbí baálẹ̀. Ní Èkó, ìjọba dá ilé ìpẹ̀tùsáwọ̀ kan sílẹ̀ ní 1999 lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìdájọ́, Citizens’ Mediation Centre ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í gba owó, wọn yóò pe tọ̀tún-tòsì jókòó. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àjọ LASEPA ni ó ń mójú tó ariwo ní Èkó. Ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àdúgbò tí ènìyàn ń gbé ni désíbẹ́ẹ̀lì 55 ní ọ̀sán àti 45 ní òru; gbígbó ajá ńlá tí ó wà nítòsí sì lè ju 80 lọ. Òfin náà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni: ní 2016, ìjọba Èkó ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí pa nítorí ariwo. Ilé ẹjọ́ ni ó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ẹ rántí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ẹ̀yin onílé, òfin ilé gbígbé tí Èkó ṣe ní 2011 kọ ọ́ pé ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbé ní ìrọ̀rùn láìsí ìyọlẹ́nu láti ọ̀dọ̀ onílé. Lóòótọ́, ajá aládùúgbò kì í ṣe ajá yín. Síbẹ̀, ẹni tí ó gba owó ilé kò lè ní kò kan òun. Bí ariwo bá wà, ẹ sọ fún ẹni tí ń bọ̀ kí ẹ tó gba owó rẹ̀. Èmi ti sọ ọ́ di àṣà: bí ẹnikẹ́ni bá wá wo yàrá lọ́sàn-án, mo ń sọ fún un pé kí ó tún padà wá lálẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, mo fi èyí bẹ̀ yín: ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n má ṣe sọ ajá ní òkò, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án nígbà tí ó bá ń jẹun tàbí tí ó bá ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, kí wọ́n má sì ṣe sá bí ó bá ń gbó, kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, ẹ má ṣe fi epo pupa, ata tàbí irun ajá sí ojú ọgbẹ́. Ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní kíákíá fún abẹ́rẹ́. Nínú 100 ènìyàn tí àrùn ìgbòlugi ń mú, tó 99 ni ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ajá ni wọ́n ti kó o. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn tán, agbára káká ni kí ó má pa á. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí a bá tètè gbà ń dènà rẹ̀. Láti 1885 ni Louis Pasteur ti fi èyí hàn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ajá, ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, omi lójoojúmọ́, àti àyè láti rìn. Ajá tí inú rẹ̀ dùn kì í pariwo tó ajá tí a fi ìyà jẹ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí aládùúgbò rẹ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu lónìí, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé kí ni ó ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà ni kí o lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, lójú mọmọ, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ àti ohun tí o kọ sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún wa ní sùúrù, kí ó fún wa ní aládùúgbò rere, kí ó sì sọ àwa náà di aládùúgbò rere fún ẹlòmíràn. Àmín.